Kí ni ká kọ sínú lẹ́tà òfin ìkọ́lé tí à ń gbé lọ sí káńsù?

Akọ̀wé_Àdúgbò (Gáà-Akanbí) · Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní kí n kọ lẹ́tà sí káńsù pé kí wọ́n tún òfin ìkọ́lé gbé yẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú bírò, ohun tí mo rí kọ ò ju "kí ìjọba bá wa mójú tó o" lọ. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, abẹ́ fáìlì ló máa ń sùn sí.

Ohun tó fà á rèé. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lóru, fẹ́ǹsì ilé kan lẹ́yìn tiwa sì wó. Bùlọ́ọ̀kù ínǹsì márùn-ún ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kò sí pílà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ láti igun dé igun. Gúta tó yẹ kí omi gbà kọjá ti dí, omi wá dúró sí ìdí fẹ́ǹsì. Orí ilé ìdáná ayálégbé kan ló wó lé. Ìyá náà ti jí láti se sààrì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi méjì. Nígbà tí à ń kó bùlọ́ọ̀kù kúrò lára rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń rún sí wa lọ́wọ́ bí àádùn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé onílé ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ó mú un jáde lójú gbogbo wa, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, rìsíìtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sanwó, wọ́n fún un níwèé, kò sẹ́ni tó wá wo fẹ́ǹsì náà títí tó fi wó.

Ẹ bá mi dá sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ òfin yìí, kí lẹ máa kọ sí i?

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ (Òmù-Àrán) · Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á wo ìyá yẹn sàn.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù òfin tuntun ń bà mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi owó èlùbọ́ kọ́ ilé kan, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin nísàlẹ̀, yàrá lókè. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, mo sanwó pùláànù, mo sanwó àyẹ̀wò, wọ́n tún wá gba òmíràn pé pùláànù mi ti pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá ọ̀dà pupa lára ògiri mi pé kí n dá iṣẹ́ dúró. Mo lọ bá wọn, mo sanwó, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó kun ọ̀dà yẹn ò béèrè iye irin tó wà nínú pílà mi. Wọn ò wọ inú ilé. Ara ògiri tó kọjú sí títì ni wọ́n dúró sí.

Torí náà, tí òfin tuntun bá máa dé, kó má jẹ́ àwa tí à ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ló máa tún já lé lórí. Olówó á san, á kọ́ ọ bó ṣe wù ú. Àwa la máa dá iṣẹ́ dúró, tí òjò á máa lu sìmẹ́ǹtì wa.

Ẹnjiníà_Tánkẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, màá padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ka ibi tí lẹ́tà ń lọ fún akọ̀wé, torí bó bá ṣìnà, gbogbo ohun tí a bá kọ sí i, òfo ni.

Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní ìpele mẹ́ta: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ètò ìlú, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Lọ́dún 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Ìkọ́lé Orílẹ̀-èdè jáde. Ìwé tó dára ni. Ó sọ irú ẹni tó gbọ́dọ̀ máa darí iṣẹ́, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọ ilé tuntun láìjẹ́ pé wọ́n ti fún un níwèé pé ilé náà ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ò ní eyín ní ìpínlẹ̀ kankan, àyàfi tí ilé aṣòfin ibẹ̀ bá sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Nítorí náà, lẹ́tà méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ gúta àti títì, ẹ gbé e lọ bá káńsù, torí ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé ìyẹn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ irin, kọnkéré àti pùláànù, ẹ kọ ọ́ sí àwọn elétò ìlú ti ìpínlẹ̀, kí ẹ sì fún aṣojú yín nílé aṣòfin ní ẹ̀dà kan.

Ohun kan tún wà. Ìlọrin kan ṣoṣo yìí, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín in. Ẹ̀yin ará Gáà-Akanbí, Ìlọrin Gúúsù lẹ wà, Fúfù sì ni oríkò yín. Ti Ìlọrin Ìlà-Oòrùn wà ní Òkè-Oyì. Tí ẹnì kan bá gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ ní Gáà-Akanbí láàárọ̀, tó fẹ́ da kọnkéré sí i lọ́sàn-án, ta ló máa ti Fúfù wá wò ó? Ibẹ̀ ni màá fẹ́ kí òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kí ẹni tó máa wo iṣẹ́ máa gbé nítòsí iṣẹ́.

Bàbá_Bíríkìlà (Ságo) · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń mọ ilé ní Ìlọrin yìí. Mo mọ ilé ní Fate nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó.

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba bùlọ́ọ̀kù. Akọ̀wé, bùlọ́ọ̀kù tó rún bí àádùn yẹn, wọn ò fún un ní sìmẹ́ǹtì, wọn ò sì fún un lómi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50. Tí a bá pò ó ní 1 sí 8, ìyẹn ni pé sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan, yanrìn ìwọ̀n mẹ́jọ, bùlọ́ọ̀kù ínǹsì mẹ́sàn-án tó máa tibẹ̀ jáde ò yẹ kó ju 25 lọ, bó pọ̀ tán 30. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gbá 50 jáde nínú àpò kan. Wọ́n á tò ó sójú oòrùn, ọmọdé kan á wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní ṣú kí ọkọ̀ tó kó o lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń gbé bùlọ́ọ̀kù dé ìbàdí, á jù ú sílẹ̀ kó bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Tó bá pín sí méjì, ó lè gbà á. Tó bá fọ́ yángá, kò ní jẹ́ kí wọ́n já ìyókù sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Sìmẹ́ǹtì náà ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó, ẹ wo ara àpò. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, ti ní kí á máa fi 32.5 rẹ́ ògiri nìkan. 42.5 ni ti bùlọ́ọ̀kù, pílà àti dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n ń tẹ́ láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá bùlọ́ọ̀kù lónìí, orúkọ tó wà lára àpò ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo nọ́ńbà.

Ohun tí mo fẹ́ nínú òfin ni pé kí bíríkìlà ní ìwé ẹ̀rí. Awakọ̀ ní láísẹ́ńsì. Lónìí, lébúrà tó bá mi po yanrìn fún oṣù mẹ́ta lè lọ gba iṣẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Kí àwa àgbà máa dán wọn wò, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí orúkọ ẹni tó mọ ilé wà lára ilé náà. Bó bá wó, ká mọ ilé ẹni tí à ń lọ.

Álífà_Pàkátà · Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Àsàlámù àlékùm. Ilé tuntun lẹ̀ ń sọ látàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ti agbo ilé.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé alámọ̀ àwọn baba wa ṣì wà nílẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́, inú rẹ̀ tutù lọ́sàn-án. Tí a bá ń rẹ́ ẹ lásìkò, tí páànù ò sì jò sí i lórí, kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí àwa ń ṣe sí i ló ń bà á jẹ́. Ọmọ kan á ti ìrìn àjò dé, á wó iwájú ilé, á fi bùlọ́ọ̀kù mọ tuntun, á wá fi etí rẹ̀ lé ògiri amọ̀ tó wà lẹ́yìn. Bí omi ṣe ń ṣe amọ̀ kọ́ ló ń ṣe bùlọ́ọ̀kù. Òjò ọdún méjì, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á là débi pé ọwọ́ á wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn á gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ìpìlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi lélẹ̀ fún ilé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà ńbẹ̀. Ibì kan wà nínú agbo ilé wa tí kẹ̀kẹ́ Máruwá ò lè gbà. Nígbà tí ilé kan jóná lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ panápaná dúró sí títì, wọ́n na rọ́bà omi títí, kò dé ibẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi pa iná náà, ilé méjì sì ti lọ kó tó kú.

Mágàjí, olórí agbo ilé, ló mọ ẹni tó fẹ́ gbé ilé sókè ṣáájú káńsù. Kí òfin fi ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ máa kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n má sì torí pùláànù wá wó agbo ilé wa. Ilé tó ti wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, níbo ló ti fẹ́ rí pùláànù?

ỌmọỌ̀fà_Òkè-Òkun · Ọjọ́ Ajé, 11:05 àárọ̀

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣe kápẹ́ńtà. Níbí, wọn kì í dúró di ìgbà tí ilé bá parí. Tí kòtò ìpìlẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ẹnì kan á wá wò ó kí kọnkéré tó wọ inú rẹ̀. Kí ẹ tó bo páìpù omi ẹ̀gbin mọ́lẹ̀, á tún wá. Ẹ bá bò ó láìpè é, ó lè ní kí ẹ tú u.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ pé. Ilé gogoro Grenfell jó ní London ní 14 Oṣù Kẹfà 2017, èèyàn 72 ló kú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ara ilé náà. Ohun tí wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ níta ni iná gùn lọ sókè. Òfin tuntun tó tìdí rẹ̀ jáde, 2022 ni wọ́n tó ṣe é. Ṣùgbọ́n wíwá wo kòtò yẹn, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ · Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ọmọ Ọ̀fà, tó bá jẹ́ pé irin mi ni wọ́n máa wá wò, tọkàntọkàn ni màá fi sanwó náà. Lọ́jọ́ Sátidé yìí gan-an la fẹ́ da dẹ́kìn. Mo ti san owó ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, àwọn lébúrà ti gba àsansílẹ̀. Ọmọ tó di irin ti ṣe tán láti àná. Mo gun òkè lọ wò ó, mo dúró níbẹ̀ títí. Irin ni mo rí. Mi ò mọ bóyá ó dáa.

Ẹnjiníà_Tánkẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 1:34 ọ̀sán

Màmá, ẹ bá mi ya àwòrán irin náà. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ láti òkè. Tí bákónì bá wà, ẹ ya òun lọ́tọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí àlàfo tó wà láàárín irin àti pákó. Ẹ na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí i kí n tó rí i.

Onírin_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ń ta irin, mo sì fẹ́ sọ òtítọ́ tó máa bí àwọn kan nínú ọjà wa nínú. Ẹ má fi ojú ra irin. Irin 12 tó pé, ìyẹn èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 12, ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kílò 10 àtààbọ̀. Nínú tọ́ọ̀nù kan, bíi 93 ló máa wà. Tí wọ́n bá ka 105 tàbí 110 fún yín, tí inú yín ń dùn pé ọjà pọ̀, irin yín ti tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á pè é ní 12, káálípà tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn irin á sọ nǹkan mìíràn.

Gbogbo ọdún tí mo ti ń tajà, ẹni tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù ń wá, ẹni tó ń gba owó bọ́ọ̀dù tí mo kọ orúkọ sí ń wá. Kò sí ẹni tó wá fi káálípà wọn irin mi rí. Akọ̀wé, ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà.

Ẹnjiníà_Tánkẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Mo ti rí àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má da kọnkéré lọ́jọ́ Sátidé bó ṣe wà yìí.

Inú dẹ́kìn dára. Irin 12 ni, ínǹsì mẹ́jọ ló wà láàárín wọn, wọ́n fi bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré kéékèèké, sábẹ́ rẹ̀ kó má baà fara kan pákó. Ẹni tó dì í mọ iṣẹ́ dé ibẹ̀. Bákónì ni mo rí tí ara mi ò balẹ̀. Ó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò sí pílà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ irin rẹ̀ sísàlẹ̀ bíi ti inú.

Ẹ fi pákó kan gùn lé àpótí méjì, kí ẹnì kan dúró láàárín rẹ̀. Pákó á tẹ̀ wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló máa fẹ́ ya. Ìdí nìyẹn tí irin inú dẹ́kìn fi ń wà nísàlẹ̀. Ẹ wá ki ìdí pákó yẹn bọ abẹ́ àpò èlùbọ́ mẹ́ta, kí orí rẹ̀ yọ síta, kí ọmọ kan dúró sórí ibi tó yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òkè pákó ló máa fẹ́ ya, níbi tó ti kúrò lábẹ́ àpò. Bákónì nìyẹn. Òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kó sì padà wọ inú dẹ́kìn ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ gígùn tó yọ síta. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló yọ, ó kéré tán kí mẹ́fà wọ inú.

Bó ṣe wà yìí, kọnkéré nìkan ló máa dá gbé ẹni tó bá dúró síbẹ̀, kọnkéré ò sì lágbára tí wọ́n bá ń fà á ya. Ó lè dúró ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe ìkómọ, tí èèyàn ogún dúró síbẹ̀ láti wo ijó nísàlẹ̀, látìdí ló máa já.

Ẹ ní kó gbé irin náà sókè, kó tẹ irin kéékèèké bí àga sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn tó ń da kọnkéré má baà tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tí ẹ bá dà á tán, ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Igi tó gbé bákónì dúró, ẹ má yọ ọ́ kó tó pé ọjọ́ 28.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹnjiníà, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo jókòó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bákónì yẹn ni àwọn ọmọ ọmọ mi ti máa ń sọ pé àwọn máa jókòó sí.

Mo pe ọmọ tó di irin. Inú bí i. Ó ní ọdún 15 lòun ti ń dì í báyìí, kò sí èyí tó já rí. Ó ní tí mo bá fẹ́ kí òun tú u, kí n san owó iṣẹ́ tuntun. Ẹlẹ́rọ ní owó àsansílẹ̀ mi ò ṣeé dá padà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Bàbá_Bíríkìlà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Màmá, ẹ má bá a jà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń ṣe é. Èmi náà di irú irin bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kó tó di pé ẹnì kan fi pákó hàn mí bí ẹnjiníà ṣe fi hàn yín yìí. Mo ní iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Màá kọjá dé Òmù-Àrán lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní kó dúró dè mí níbi iṣẹ́, ẹ wá pákó kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá dé.

Akọ̀wé_Àdúgbò · Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo rí lára ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé: "A bẹ̀bẹ̀ pé kí owó tí à ń san fún ìwé àṣẹ jẹ́ owó wíwá wo iṣẹ́ nígbà mẹ́ta: nígbà tí kòtò ìpìlẹ̀ bá ṣí, nígbà tí irin dẹ́kìn bá délẹ̀ kí kọnkéré tó wọlé, àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kan òrùlé. Kí ẹni tó wá wò ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Tí onílé bá pè, tí ẹnikẹ́ni ò wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n dá owó ìgbà náà padà fún un."

Ti òrùlé, mo fi í kún un nítorí ìjì. Ọdọọdún ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ń ṣí páànù ilé ní ìpínlẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ò fi irin de igi rẹ̀ mọ́ ògiri.

Ìṣòro mi kan kù. Àwọn onílé wa fẹ́ kí n kọ ọ́ pé kí àwọn tó ti kọ́lé láìgba ìwé san owó ìtanràn, kí wọ́n sì fún wọn níwèé.

Ẹnjiníà_Tánkẹ́ · Ọjọ́rú, 9:47 alẹ́

Akọ̀wé, mo lòdì sí ìyẹn, àfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ wo ilé náà. Ní ọdún 2018, orílẹ̀-èdè Tọ́kì ṣe irú ẹ̀. Ẹni tó kọ́lé tí kò bófin mu san owó, ó gba ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Ní 6 Oṣù Kejì 2023, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀, èèyàn tó lé ní 50,000 ló kú lórílẹ̀-èdè náà. Mi ò sọ pé ìwé yẹn nìkan ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ò fi irin kún pílà ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ kì í mì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ní 12 Oṣù Keje 2024, ilé ẹ̀kọ́ wó ní Jos nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, 22 ló kú. Ilẹ̀ ò mì.

Álífà_Pàkátà · Ọjọ́rú, 10:10 alẹ́

Wíwò yẹn ni mo fara mọ́. Kí wọ́n wá wo agbo ilé wa, kí wọ́n sọ ògiri tó yẹ ká tì lẹ́yìn àti èyí tó yẹ ká wó, kí mágàjí wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń wò ó. Kí wọ́n sì fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ láyè láti kó jáde. Akọ̀wé, ẹ fi ìyẹn rọ́pò ọ̀rọ̀ ìtanràn.

Akọ̀wé_Àdúgbò · Ọjọ́rú, 10:31 alẹ́

Mo ti pa ìtanràn rẹ́. Mo fi ti Álífà sí i, mo fi káálípà Onírin àti ìwé ẹ̀rí bíríkìlà sí lẹ́tà ti ìpínlẹ̀. Ti gúta wà nínú èyí tó ń lọ sí Fúfù. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yẹn sójú ewé àkọ́kọ́, àti ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó gbà mí láyè.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Bàbá Bíríkìlà dé ní nǹkan bí aago márùn-ún àná. Kò tilẹ̀ mu omi. Ó ní kí wọ́n ki pákó bọ abẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì sọ fún ọmọ tó di irin pé kó dúró sí orí rẹ̀. Kíá ni pákó ké. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá wo ibi tó ti fẹ́ ya. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ojú ibẹ̀ lókè pákó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú páńsà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Irin bákónì ti wà lókè báyìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àtààbọ̀ ló wọ inú, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra mi. Àwòrán wà lọ́dọ̀ yín, ẹnjiníà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí títú. Irin tó fi kún un ni mo san.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ní kí n bá òun bi yín. Ó ní bákónì mẹ́rin lòun ti dì bíi ti àkọ́kọ́ ní ìlú yìí, èèyàn sì ń gbé nínú ilé méjì. Ó ní òun ò sùn. Kí ni kí òun ṣe sí wọn?

Ẹnjiníà_Tánkẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:19 àárọ̀

Àwòrán ti dára báyìí, Màmá. Ẹ lè dà á lọ́la.

Ẹ sọ fún un pé kó lọ bá àwọn onílé náà ní àárọ̀ yìí, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn bákónì pa, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí i, kí wọ́n má sì kó nǹkan sí abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n wá igi tó nípọn, kí wọ́n fi gbé e dúró láti ìsàlẹ̀. Èmi àti Bàbá Bíríkìlà ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Kó dúró dè wá ní iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, kó mú wa dé ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.